Ta Ni Ó Jókòó Síwájú? Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ Tí Alùpùpù Ń Kọ́ni

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ lórí àga ìwàásù. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán kí ó tó máa kà á lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó kan ikú àti ìyè ni.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ìlú tí a wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, bọ́ọ̀sì ṣọ̀wọ́n ní aago mẹ́rin ìdájí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí ó sì ní kíláàsì ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kò lè máa fi ẹsẹ̀ rin máìlì márùn-ún nínú òjò lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan nínú wa fi ń ra alùpùpù kékeré. Òfin Britain sì fi àyè gbà wọ́n. Ẹni tí ó bá ní ìwé ìwakọ̀ ti akọ́ṣẹ́, tí ó sì parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní CBT, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1990, lè gun alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 125 cc lọ fún ọdún 2, pẹ̀lú àmì L pupa níwájú àti lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n bí ìròyìn bá ti dé ilé pé ọmọ àwọn ti ń gun alùpùpù, ariwo a sọ. Ìyá a ní, "Ṣé kí n wá máa sunkún ni mo ṣe rán ọ lọ sí òkè òkun?" Ọmọ a dáhùn pé, "Ẹ má mikàn, Màámi, Ọlọ́run ń bẹ." Mo ti gbọ́ ìdáhùn yìí láìmọye ìgbà, mo sì fẹ́ béèrè ìbéèrè kan lé e lórí. Nígbà tí a bá wí pé Ọlọ́run ń bẹ, níbo gan-an ni a ní kí ó jókòó sí lórí alùpùpù náà? Ṣé iwájú ni, tàbí ẹ̀yìn?

OBÌNRIN TÍ Ó GBÉ ỌLỌ́RUN SÍWÁJÚ

Bí a bá ń wá ẹni tí ìbéèrè yìí yé, ẹ jẹ́ kí a ré kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Obìnrin adúláwọ̀ kan wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bessie Stringfield. Ọmọ ọdún 16 ni ó wà, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ, nígbà tí ó ní alùpùpù rẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn Indian Scout tí wọ́n ṣe ní 1928. Ní 1930, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 19, ó gbéra ìrìnàjò. Yóò tẹ́ máàpù Amẹ́ríkà sílẹ̀, yóò ju owó wẹ́wẹ́ kan sórí rẹ̀, ibi tí owó náà bá bọ́ sí ni yóò forí lé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe títí ó fi fi alùpùpù kan gbogbo ìpínlẹ̀ 48 tí ó para pọ̀ di Amẹ́ríkà nígbà náà. Òun nìkan ni ó ń dá rìn, láìsí ọkọ, láìsí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin.

Kí a má ṣe fi ojú eré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ayé ìgbà náà kì í ṣe ayé tí adúláwọ̀ lè rìn bí ó ti wù ú. Òfin ìyàsọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní Jim Crow múlẹ̀ ní ìhà gúúsù, ọ̀pọ̀ ilé ìtura kì í sì í gba ẹni dúdú. Ìwé Green Book, tí Victor Hugo Green, apínlẹ́tà kan tí ó ń gbé ní Harlem, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ jáde ní 1936 láti máa sọ fún àwọn adúláwọ̀ ibi tí wọ́n lè sùn àti ibi tí wọ́n lè jẹun, kò tí ì sí nígbà tí Bessie kọ́kọ́ gbéra. Bí ó bá dé ìlú tí àwọn adúláwọ̀ ń gbé, wọn a gbà á sílé. Bí kò bá rí wọn, a lọ sí ilé epo, a ká kóòtù rẹ̀ sórí ọwọ́ alùpùpù gẹ́gẹ́ bí ìrọ̀rí, a na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, a sì sùn sórí irin náà di ojúmọ́. Ó sọ pé ìgbà kan wà tí òyìnbó kan fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀ tì í kúrò lójú ọ̀nà. Ó dìde, ó sì ń bá ìrìnàjò rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó bá àwọn ológun Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ agbéwèé, tí ó ń gbé ìwé láti bárékè kan dé òmíràn lórí alùpùpù. Òun nìkan ni obìnrin nínú ẹgbẹ́ tí ó wà. Lẹ́yìn ogun, ó kó lọ sí Miami, ó ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó dá ẹgbẹ́ alùpùpù kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí ó pè ní Iron Horse, ó sì ń gun alùpùpù títí ó fi darúgbó. Ó kú ní 1993. Ní 2002 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ilé ìrántí àwọn akọni alùpùpù ní Amẹ́ríkà.

Onígbàgbọ́ ìjọ Kátólíìkì ni obìnrin yìí. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè bí ó ti ṣe ń rìn láàárín irú ewu bẹ́ẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ ni pé bí òun bá ti gun alùpùpù, Ẹni tí ó wà lókè ni òun máa ń gbé síwájú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Kò sọ pé òun gbé Ọlọ́run sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni a gbé Ọlọ́run sí gẹ́gẹ́ bí èrò ọ̀kadà. Àwa ni a mú ọwọ́ alùpùpù dání. Àwa ni a yan ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́, iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe àti ẹni tí a fẹ́ fẹ́. Tí a bá wá ń sáré lọ kíkankíkan, a óò kígbe sẹ́yìn pé, "Olúwa, dì mí mú o, má jẹ̀ẹ́ kí n ṣubú!" Èrò ẹ̀yìn kò ní bíréèkì, ẹ̀yin ará. Ẹni tí a kò fún ní ọwọ́ alùpùpù, a kò lè dá a lẹ́bi pé a forí sọ igi.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Bessie kò fi ìgbàgbọ́ rọ́pò ẹ̀kọ́. Kí wọ́n tó gbà á sí iṣẹ́ agbéwèé àwọn ológun, ó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ líle, títí kan bí a ti í fi okùn àti ẹ̀ka igi ṣe afárá tí alùpùpù lè gbà kọjá lórí irà. Ẹni tí ó gbé Ọlọ́run síwájú náà ni ó tún jókòó kọ́ bí a ṣe ń di okùn.

Ẹ̀KỌ́ ẸNI TÍ Ó JÓKÒÓ SẸ́YÌN

Kí ni ó túmọ̀ sí, nígbà náà, láti jókòó sẹ́yìn kí ẹlòmíràn wà níwájú? Èmi kò mọ̀ ọ́n dáadáa títí di ọdún tí ó kọjá, nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ tí mo ń lọ gbé mi sẹ́yìn alùpùpù wọn láti Sheffield lọ sí Manchester. Ọ̀nà A57 ni a gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní Snake Pass. Ọ̀nà náà gun àwọn òkè Pennines kọjá, òkè rẹ̀ sì ga tó nǹkan bíi mítà 510 sí ojú òkun. Ara àmì ejò tí ó wà lára ilé ìtura kan lọ́nà náà ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbà á kọjá yóò sọ pé ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ni ejò. Ó ń lọ́ sí ọ̀tún, ó ń lọ́ sí òsì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀gbun ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí yìnyín bá já, wọn a máa tì í pa.

Ẹ̀gbọ́n náà ti ń gun alùpùpù fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Kí a tó gbéra, wọ́n ní, "Àbúrò, ohun mẹ́ta péré ni. Bí mo bá dúró, má gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tí ó wà. Bí mo bá fì sí ọ̀tún, bá mi fì sí ọ̀tún; bí mo bá fì sí òsì, bá mi fì sí òsì. Bí ẹ̀rù bá sì bà ọ́, èmi ni kí o dì mú." Mo ní, "Ó ti yé mi, ẹ̀gbọ́n." Àṣé etí nìkan ni ó tí ì yé, kò tí ì yé ara.

Nítorí pé bí a ti dé kọ́ọ̀nà àkọ́kọ́ tí alùpùpù sì fì sílẹ̀ tí mo rí ọ̀dà ọ̀nà lẹ́bàá orúnkún mi, gbogbo iṣan ara mi ni ó ń pàṣẹ pé kí n na ẹ̀yìn ṣánṣán, kí n fà sí òdìkejì. Ara ń sọ pé ẹni tí ó bá fì ni yóò ṣubú. Irọ́ ni ara ń pa. Mọ́tò ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kò nílò kí èrò inú rẹ̀ ṣe ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí alùpùpù tí ó ń sáré bá dé kọ́ọ̀nà tí kò fì sínú kọ́ọ̀nà náà, eré tí ó ń sá yóò taari rẹ̀ síta. Bí ẹni ẹ̀yìn bá na ẹ̀yìn ṣánṣán nítorí ẹ̀rù, ńṣe ni ó ń bá ẹni iwájú jà. Ẹni iwájú yóò ní láti tún fì jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lè yí, bí kò bá sì rí i ṣe, alùpùpù yóò gba inú ọ̀nà àwọn tí ń bọ̀. Ohun tí ẹ̀rù sọ pé yóò gbà wá là gan-an ni ó lè pa wá.

Mo bá wọn fì. Nígbà tí a fi máa dé òkè, ara mi ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbàgbọ́ àti ìgbẹ́kẹ̀lé. Mo gbàgbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mọ alùpùpù gùn nígbà tí a ṣì wà lórí ilẹ̀ ní Sheffield. Kò ná mi ní nǹkan kan. Ìgbẹ́kẹ̀lé kò bẹ̀rẹ̀ títí a fi dé kọ́ọ̀nà. Ẹnu ni a fi ń jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n lórí alùpùpù, ìbàdí ni a fi ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹni iwájú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú Ọlọ́run. Ní ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo wa ni a gbàgbọ́. Kọ́ọ̀nà dé nígbà tí wọ́n bá kọ ìwé sí wa pé wọn kò ní san owó ilé ìwé wa mọ́, tàbí nígbà tí olùkọ́ wa bá sọ pé kí a tún ìwádìí ọdún méjì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni ara máa ń fẹ́ na ẹ̀yìn ṣánṣán. Ẹlòmíràn á fẹ́ purọ́ sínú ìwé. Ẹlòmíràn á fẹ́ da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ. Ọ̀nà tí Ọlọ́run ń yí wa gbà kò bá ẹ̀rù wa mu, ẹni tí ó bá sì ń fà sí òdìkejì, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń taari ara rẹ̀ sínú ewu.

Ọ̀rọ̀ ojú tún wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí ń kọ́ni ní alùpùpù ni yóò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ibi tí ojú rẹ bá ń wò ni alùpùpù yóò lọ. Bí o bá tẹjú mọ́ kòtò, inú kòtò ni wàá bọ́ sí. Bí o bá wo ibi tí kọ́ọ̀nà parí sí, ibẹ̀ ni wàá dé. Ẹ rántí Pétérù nínú Mátíù orí 14. Nígbà tí ojú rẹ̀ wà lára Jésù, ó rìn lórí omi. Nígbà tí ó wo afẹ́fẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí rì. Afẹ́fẹ́ náà ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ kí Pétérù tó jáde nínú ọkọ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ni ó yí padà.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí a tó bá ẹnikẹ́ni fì, kí a kọ́kọ́ wo ẹni tí ó jẹ́. Ní Britain, òfin kò gbà kí ẹni tí ó ń lo àmì L gbé ènìyàn sẹ́yìn rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé èrò gbọ́dọ̀ ti yege ìdánwò tòótọ́. Ó wù mí kí irú òfin yìí wà láàárín àwọn tí ń pe ara wọn ní aṣíwájú nínú ẹ̀mí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo mọ̀ dáadáa ní àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹnìkan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní wòlíì sọ fún un lórí tẹlifóònù pé bí ó bá ní ìgbàgbọ́ lóòótọ́, kí ó da oògùn rẹ̀ nù. Ó dà á nù. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ pàjáwìrì ni ó wá gbé e nínú yàrá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Orí yọ ọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run àti fún àwọn nọ́ọ̀sì òru ọjọ́ náà. Wòlíì náà kò pe tẹlifóònù mọ́.

ORÍ ÀTI AKOTO

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé díẹ̀. Ọ̀kadà ni a ń pe alùpùpù akérò ní ilẹ̀ wa, orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ara ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2009, àjọ tí ń rí sí ààbò ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú òfin pé ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé akoto. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé nígbà náà yóò rántí ohun tí ojú rí. Àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Àwọn èrò pàápàá ń sá fún akoto, wọ́n ní ẹnìkan lè ti fi oògùn sínú rẹ̀ láti fi gba orí ẹni tàbí láti fi ẹni ṣe owó.

Òyìnbó tí ó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá kò lè rẹ́rìn-ín tán, nítorí a mọ ohun tí orí jẹ́ lójú àwọn baba wa. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni ti àwa onígbàgbọ́. Ẹni àkọ́kọ́ kò dé akoto nítorí ó ń bẹ̀rù oògùn. Ẹnì kejì, arákùnrin nínú Olúwa, kò dé akoto nítorí ó ní ẹ̀jẹ̀ Jésù ti bo òun. Ọ̀kan ń bẹ̀rù, ọ̀kan ń ṣògo, orí àwọn méjèèjì sì wà ní òfìfo. Ọ̀dà ọ̀nà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn.

Àwọn baba wa tí wọ́n ń bọ Ògún pàápàá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé àwọn awakọ̀ àti àwọn alágbẹ̀dẹ ń pa ajá fún Ògún kí irin má baà pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ó ń bọ Ògún kì í jẹ́ kí ìbọn rẹ̀ dípẹtà. A ti kọ ajá sílẹ̀, a ti gba Kristi, a dúpẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn kan nínú wa ti sọ àdúrà di ajá tuntun: bí a bá ti gbà á tán lówùúrọ̀, a ti san gbèsè, irin kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wá, bí táyà tilẹ̀ jẹ tán, bí bíréèkì tilẹ̀ ń dún.

Ẹ wo Mátíù orí 4. Èṣù gbé Olúwa wa lọ sórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, ó ní kí ó bẹ́ sílẹ̀, nítorí Ọlọ́run ti ṣèlérí pé àwọn áńgẹ́lì yóò gbé e. Níbo ni ó ti mú ìlérí yẹn? Inú Sáàmù 91 ni, Sáàmù tí gbogbo wa ń kà kí a tó wọ ọkọ̀. Ìlérí náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n Jésù kò bẹ́. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ dán Ọlọ́run wò. Nítorí náà, Sáàmù kan náà lè jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé lẹ́nu ẹnìkan, kí ó sì jẹ́ ìdánwò lẹ́nu ẹlòmíràn. Ohun tí ó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni bóyá ẹni náà ń rin ìrìn tí a rán an, tàbí ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá a óò gbé e. Nehemáyà ní tirẹ̀ gbàdúrà, ó sì yan olùṣọ́ sórí odi. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Bí ẹnìkan bá sì ń béèrè bóyá akoto níláárí, kí ó gbọ́ ìtàn yìí. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1935, T. E. Lawrence, jagunjagun tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Arébíà, ń gun alùpùpù rẹ̀ nítòsí ilé rẹ̀ ní Dorset. Ó yà fún ọmọkùnrin méjì tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, ó ṣubú, ó forí gbá ilẹ̀. Kò dé akoto. Lẹ́yìn ọjọ́ 6 ni ó kú. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí wọ́n pè wá wò ó ni Hugh Cairns, ọmọ Ọsirélíà, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ikú náà kò kúrò lọ́kàn dókítà yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìwádìí lórí àwọn agbéwèé ológun tí alùpùpù ń pa, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1941. Ọdún náà ni àwọn ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ akoto di dandan fún àwọn agbéwèé wọn. Ó di 1973 kí òfin tó kan gbogbo ènìyàn ní Britain, ọdún 38 lẹ́yìn ikú Lawrence. Ní 2008, àjọ Cochrane kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n sì rí i pé akoto ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní nǹkan bí ìdá 69. Ẹni tí ó bá ń wá áńgẹ́lì tí yóò gbé e, bóyá kí ó wo inú akoto rẹ̀ dáadáa.

ÀLÙFÁÀ TÍ Ó LỌ BÁ ÀWỌN TÍ AYÉ Ń SÁ FÚN

Ìgbẹ́kẹ̀lé kò mọ sí àárín àwa àti Ọlọ́run nìkan. Ó wà láàárín ènìyàn sí ènìyàn pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gba ẹ̀gbẹ́ Ace Cafe kọjá lójú ọ̀nà North Circular. Ní 1938 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i. Ó tì ní 1969, wọ́n sì tún un ṣí ní 2001. Ní nǹkan bí 1960, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ alálùpùpù tí wọ́n ń dé kóòtù awọ máa ń pé sí. Ìwé ìròyìn ń bú wọn, àwọn òbí ń fi wọ́n dẹ́rù ba ọmọ, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kò sì fẹ́ rí wọn.

Àlùfáà Áńgílíkà kan wà ní Hackney Wick tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bill Shergold. Alùpùpù ni òun náà ń gùn. Ní 1962, ó gbéra lọ sí Ace Cafe láti pe àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí wá sí ìsìn tí yóò ti súre fún wọn àti fún alùpùpù wọn. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù bà òun. Ṣùgbọ́n ó wọlé, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n wá sí ìsìn náà pẹ̀lú alùpùpù wọn. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ náà, 59 Club, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní 1959, wá ní ẹ̀ka alálùpùpù, ó sì gbilẹ̀ títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ alùpùpù tí ó tóbi jù lọ ní ayé. Shergold kú ní 2009.

Ohun tí ó jọ ọ́ tún ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Herb Shreve, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Arkansas, rí i pé àárín òun àti ọmọ òun ọkùnrin kò gún mọ́. Dípò kí ó máa wàásù fún ọmọ náà, ó ra alùpùpù kí àwọn méjèèjì lè jọ máa rìn. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti rẹ́. Láti inú rẹ̀ ni ó ti dá ẹgbẹ́ àwọn alálùpùpù onígbàgbọ́ sílẹ̀ ní 1975.

Mo ń ro ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin méjì yìí mọ́ àwọn ọlọ́kadà wa nílé. Ìjọba Èkó lé wọn kúrò lójú ọ̀nà púpọ̀ ní 2012, ó tún lé wọn ní 2020, ó tún lé wọn ní 2022. N kò sọ pé kò sí ìdí fún un, nítorí ìjàǹbá àti olè jíjà kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n ta ni Shergold tiwọn? A ní ilé ìjọsìn ní gbogbo ojúlé, ọlọ́kadà ni ó sì ń gbé ọ̀pọ̀ wa lọ síbẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó ti bèèrè orúkọ rẹ̀ rí, tàbí tí ó ra akoto gidi kan fún un? Ẹni tí a fi ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ Ìsinmi, a kì í fẹ́ kí ó bá wa jókòó ní pẹ́ẹ̀wù.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n kò sọ pé kí gbogbo wa lọ ra alùpùpù, n kò sì sọ pé kí ẹni tí ó ti rà á lọ tà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tí yóò gùn ún gùn ún bí ẹni tí ó ní ìgbàgbọ́ ní tòótọ́. Kí ó wo táyà, kí ó wo bíréèkì, ṣéènì, ọ́ọ̀lì àti iná, kí ó tó wólẹ̀ gbàdúrà. Kí ó rántí pé bí a bá ń sáré 30 máìlì ní wákàtí kan, mítà 23 ni ọkọ̀ yóò lọ kí ó tó dúró. Bí ilẹ̀ bá tutù, bíréèkì yóò gbà tó ìlọ́po méjì àyè tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀, bí yìnyín bá sì wà nílẹ̀, ó lè tó ìlọ́po mẹ́wàá. Kò sí àdúrà tí a ń gbà láti fi yí òfin yẹn padà. Ẹni tí ó dá òfin náà ni a ń gbàdúrà sí. Kí ó má gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn nígbà tí L ṣì wà lára alùpùpù rẹ̀. Kí ó ra akoto tuntun. Akoto àlòkù tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ lè ti fọ́ nínú láìhàn síta.

Ẹni tí kò sì ní gun alùpùpù láéláé, ẹ̀kọ́ náà kàn án bákan náà. Gbogbo wa ni a wà lórí irin tí kò ní ògiri ní ilẹ̀ àjèjì yìí. Kò sí bàbá nítòsí, kò sí ìyá, ìwé tí ìjọba fi gbà wá láàyè ní ọjọ́ tí yóò parí. Kí a kọ́ ohun tí a lè kọ́, kí a ṣe ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe, kí a yẹ ẹni tí ń darí wa wò dáadáa. Nígbà tí a bá ti wá mọ̀ dájú pé Olúwa ni ó wà níwájú, kí a yọwọ́ kúrò. Bí ó bá fì sí ọ̀tún, kí a bá a fì sí ọ̀tún, bí ilẹ̀ tilẹ̀ súnmọ́ orúnkún.

Kí Ọlọ́run mú gbogbo wa délé láyọ̀. Àmín.